Bí Funfun Ṣe Bo Abẹ́ Ọkọ̀ Dúdú: Àkọsílẹ̀ Àwòṣe Halifax Kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹni tó bá ti fi ọ̀dà ọkọ̀ kun nǹkan rí ní Ìjẹ̀bú láàárín òjò á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọ̀dà á jáde lẹ́nu ìbọn, á dúdú, á máa dán. Kí ènìyàn tó bu omi mu, funfun kan á ti yọ lójú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n da eérú sí i. Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí àwòṣe ọkọ̀ òfurufú kan tí a kọ́ ní Mọ́lípà, Ìjẹ̀bú-Òde, ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, bó ṣe rí gan-an, torí mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ha ọ̀dà tó dára dànù nítorí irú rẹ̀. Ọ̀dà wọn kò bàjẹ́. Omi ló há sínú rẹ̀.

Ọkọ̀ náà ni Handley Page Halifax, ọ̀kan nínú àwọn ajubọ́ǹbù ńlá tí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ja Ogun Àgbáyé Kejì. Ike ni tiwa, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 1/72. Ní ìwọ̀n yẹn, ẹsẹ̀ bàtà 6 lára ọkọ̀ gidi di íǹṣì 1 péré. Ọkọ̀ tí apá rẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 104 wá di ohun tí a lè gbé sórí tábìlì ìjẹun, sẹ̀ǹtímítà 44 láti ṣóńṣó apá kan dé ìkejì.

Bàbá Tíṣà ló ni iṣẹ́. Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè wọ́n nìyẹn, torí Technical Drawing ni wọ́n fi ọdún gbọọrọ kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni wọ́n. Ọmọ wọn tó wà ní London ló fi àpótí ike náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ìbọn ọ̀dà kékeré kan, irú èyí tí ènìyàn lè fi ìka mẹ́ta dì mú. Èmi a máa wá láti Ṣàgámù bí iṣẹ́ bá fún mi láyè, a ó sì jọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Ìlérí Bàbá ni pé ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ni àwọn máa gbé e fún, kí ó sì ti wà níbẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tó wálé fún Ojúde Ọba. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, Iléyá kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Lọ́dún yẹn, oṣù Kẹfà ló bọ́ sí, àárín òjò gan-an.

Bí ènìyàn bá ní kí àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí dárúkọ ajubọ́ǹbù Gẹ̀ẹ́sì kan, Lancaster ni wọn yóò kọ́kọ́ dá. Bàbá kò fẹ́ Lancaster. "Ìyẹn ni gbogbo ayé ń kọ́," ni wọ́n wí fún mi. "Èyí tí ọmọ wa jókòó sí ni mo fẹ́." Akin Shenbanjo ni wọ́n ní lọ́kàn. Ọmọ Nàìjíríà ni, òun ló sì ń ṣe iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì àti ìbọn yínyìn nínú ìkọ̀ 76 Squadron ti RAF (ẹgbẹ́ ológun òfurufú Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì), ìkọ̀ tó fi pápákọ̀ Holme-on-Spalding Moor ní Yorkshire ṣe ibùdó. Òun ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ torí rẹ̀ sọ Halifax wọn ní "Achtung! The Black Prince", ìyẹn "Ẹ ṣọ́ra! Ọmọ Ọba Dúdú". Ó gba DFC, àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà fún àwọn tó ń fò lójú ogun. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, òfin RAF kò gbà kí ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Òyìnbó pọ́ńbélé di ọ̀gá láàárín wọn. Oṣù Kẹwàá 1939 ni wọ́n tó ká òfin náà kúrò nílẹ̀ nítorí ogun. Àwọn ọmọ wa gbọ́ nípa àwọn tó lọ Bọ́mà, nítorí ó ṣòro kí ìdílé kan má ní ẹnì kan tó lọ. Àwọn tó wà lókè lójú ọ̀run ní Yúróòpù kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìtàn wọn sì ti fẹ́ parẹ́ lẹ́nu àgbà. Mo gbà pẹ̀lú Bàbá pé ohun tí ọmọdé bá lè tẹ̀ síwájú kó wò dáadáa a máa yára wọ̀ ọ́ lọ́kàn ju ìpínrọ̀ ìwé lọ.

Mark III ni Halifax tí 76 Squadron ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ 1944, nítorí náà Mark III la kọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ́ńjìnnì Merlin ni wọ́n fi ń gbé àwọn ti ìṣáájú. Mark III gbé Bristol Hercules mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì tí atẹ́gùn ń mú tutù, tí sílíńdà 14 tò yí ká nínú rẹ̀ ní ìlà méjì. Ìrù rẹ̀ náà yàtọ̀. Lára àwọn ti àkọ́kọ́, pátákó ìrù méjèèjì tó dúró gangan ní igun mẹ́ta, àléébù burúkú sì wà nínú bẹ́ẹ̀: bí awakọ̀ bá yí i jù ní ìgbà tí ọkọ̀ ń rọra lọ, pátákó ìyíkọ̀ lè há sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ọkọ̀ sì máa yí lọ sílẹ̀ láìsí ìdádúró. Àwọn èèyàn kú nípasẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó fi èyí tó tóbi tó sì ní igun mẹ́rin rọ́pò rẹ̀. Bàbá fi rúlà wọn ìrù ike náà kí wọ́n tó jẹ́ kí n fi gọ́ọ̀mù kàn án. Ìwà tíṣà ni.

Apá àti ara ọkọ̀ kò gba àkókò púpọ̀. Ike ń bá ike mu, a fi púti dí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, a fi sáńpépà olómi dán an. Ibi tí a ti pẹ́ ni ibi ìjókòó oníwáyálẹ́ẹ̀sì.

Nínú Halifax, abẹ́ ìjókòó awakọ̀ ni oníwáyálẹ́ẹ̀sì máa ń jókòó sí, ní inú ihò imú ọkọ̀. Ẹni tó ń tọ́ ọ̀nà wà níwájú rẹ̀, ẹni tó ń ju bọ́ǹbù sì wà ní iwájú pátápátá, nídìí dígí. Ẹ̀rọ méjì ló wà níwájú oníwáyálẹ́ẹ̀sì: R1155 tó fi ń gbọ́, àti T1154 tó fi ń ránṣẹ́. Àwọn bọ́tìnnì ńlá tí a ń yí lójú T1154 ní àwọ̀ pupa, àwọ̀ yẹ́lò àti búlúù, kí ọwọ́ lè tètè mọ èyí tó kàn án nígbà tí iná kò pọ̀. Ike inú àpótí kò fún wa ju ègé pẹlẹbẹ kan lọ. Bàbá gé ike tín-ínrín lé e lórí láti fi ṣe ojú ẹ̀rọ, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un níbi tí bọ́tìnnì máa wà, wọ́n wá mú igi ìtayín tí wọ́n ti fi bíléèdì pọ́n ṣóńṣó rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí irun. Wọ́n ti ẹnu igi náà bọ ọ̀dà pupa, wọ́n di èémí mú, wọ́n tọ́ ọ sí ojú ihò kan, wọ́n gbé e kúrò. Ẹ̀kán kan dúró síbẹ̀, kò tó orí okini. Wọ́n nu igi, wọ́n bọ yẹ́lò. Wọ́n nu igi, wọ́n bọ búlúù. Lẹ́yìn tí a pa ìhà méjèèjì ara ọkọ̀ pọ̀, kò sí ẹni tó lè rí i mọ́ àfi tó bá fi tọ́ọ̀ṣì tan inú dígí imú, kó sì tẹ orí dáadáa. Mo bi Bàbá ìdí tí wọ́n fi ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Ibẹ̀ ni ọmọ náà jókòó sí ní gbogbo òru yẹn. Ṣé ká wá fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo?"

Lórí dígí, ìmọ̀ràn kan wà tí mo máa ń fún ẹnikẹ́ni: ẹ má fi super glue kan dígí ike. Èéfín rẹ̀ máa ń bá ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ pàdé, á sì fi ìyẹ̀fun funfun lẹ̀ mọ́ ojú dígí láti inú, níbi tí ọwọ́ kò lè dé mọ́. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ló dára jù. Ó máa ń gbẹ, á mọ́ kedere, omi sì lè fọ̀ ọ́ kúrò bó bá yọ síta. Òun la lò fún imú, fún ilé awakọ̀, fún ilé ìbọn òkè àti ti ìdí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé ìbọn mẹ́rin.

Bí a ṣe dé ìdí ọ̀dà nìyẹn.

Ọ̀dà tí à ń lò níhìn-ín ni èyí tí àwọn pénítà ń fi kun mọ́tò, èyí tí wọ́n ń fi tínà pò. Ó rọrùn láti rí, ó ń yára gbẹ, ó sì ń le dáadáa. Ṣùgbọ́n tínà rẹ̀ máa ń jẹ ike, nítorí náà a kọ́kọ́ fọ́n práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, sí gbogbo ara ọkọ̀ ní fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, ìpele lórí ìpele, a fi í sílẹ̀ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Àwọ̀ òkè la kọ́kọ́ ṣe: bíráùn erùpẹ̀ àti gíríìnì tó ṣókùnkùn, bí RAF ṣe ń kun wọn. Ó jáde dáadáa, torí oòrùn mú lọ́jọ́ náà. A bo òkè pẹ̀lú téèpù bébà, ó wá ku abẹ́. Dúdú ni abẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ máa ń jẹ́, nítorí òru ni wọ́n ń fò, iná àwárí àwọn ará Jámánì sì ń wá wọn láti ilẹ̀.

Èmi kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fọ́n dúdú. Òjò ti ń rọ̀ láti òwúrọ̀. Nígbà tó dá ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá rí i pé ọjọ́ ti ń lọ, wọ́n ní kí ọmọ iṣẹ́ fọkanáísà tó wà ní ìkóríta fa rọ́bà kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé. Afẹ́fẹ́ fọkanáísà náà la ti ń lò tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń dín agbára rẹ̀ kù kí ó tó dé inú ìbọn ọ̀dà. Wọ́n fọ́n ọn. Wọ́n ní ó dán, ó lẹ́wà. Fóònù mi dún ní àsìkò Màgàrìbì.

"Ọmọ mi, ọkọ̀ wa ti di eléérú o."

"Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì ha á."

"Pénítà ti wò ó. Ó ní kí n fi sáńpépà hó gbogbo rẹ̀ dé orí ike."

"Ẹ ní sùúrù fún mi di àárọ̀, ẹ̀yin Bàbá."

Nígbà tí mo dé, ìbínú ti wọ̀ ọ́. Pénítà dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé tínà ni kò dáa, pé àwọn tó ń tà á ti fi nǹkan mìíràn là á. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, torí irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́jà. Bàbá ní tiwọn rò pé dúdú tí wọ́n rà ni kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú práímà. Mo gbé ọkọ̀ sí ojú ìmọ́lẹ̀, mo sì wò ó pẹ̀lú gíláàsì amúǹkantóbi. Ohun méjì ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Èkíní ni funfun fẹ́lẹ́ tó bo apá láti ìdí dé ìdajì, tó sì nípọn jù níbi tí ọ̀dà ti pọ̀ jù. Èkejì ni àwọn ihò róbótó tín-ínrín lábẹ́ ikùn ọkọ̀, níbi tí ilẹ̀kùn bọ́ǹbù wà, bí ojú ibi tí ẹ̀kán omi ti bọ́ sí ọ̀dà tútù.

Mo fi ìka ra funfun náà. Kò kúrò. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dà ti gbẹ lójú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀ ni, yóò dà bí ìyẹ̀fun, á sì kúrò lọ́wọ́. Mo fi aṣọ olómi nù ún, kò yí padà. Ìdánwò tó yanjú ọ̀rọ̀ ni èyí tó tẹ̀lé e. Mo fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kékeré kán tínà kan ṣoṣo sí inú ihò tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ máa ń ká sí, níbi tí ojú kì í dé. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ibẹ̀ dúdú kirikiri. Pénítà ní, "Ẹ ò rí i? Ó ti lọ." Mo ní kó dúró. Tínà gbẹ, funfun padà wá sí ojú kan náà. Tínà kan náà ni mo tún kán sí ihò kejì, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí a gbé ọkọ̀ sínú páálí kan tí a ti tan gílóòbù sí láti àárọ̀. Ibẹ̀ dúdú, ó gbẹ, ó sì dúdú síbẹ̀. Ọ̀dà kan náà, tínà kan náà, ara ọkọ̀ kan náà. Afẹ́fẹ́ nìkan ló yàtọ̀. Pénítà dákẹ́, ó ní òun ti rí ohun tí mò ń sọ.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹni tó bá da tínà sí àtẹ́lẹwọ́ mọ̀ pé ó máa ń tutù wọ̀ọ̀. Bí tínà ṣe ń fò lọ, ooru ara ohun tó wà lórí rẹ̀ ló ń gbé lọ. Tínà tó yá máa ń fò lọ kíákíá, á mú kí ojú ọ̀dà tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Nínú ọyẹ́, kò sí wàhálà, torí afẹ́fẹ́ gbẹ. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò ní Ìjẹ̀bú, omi ti kún inú afẹ́fẹ́ débi pé ó kàn ń wá ibi tútù tó máa dì sí ni. Ó dì sí ojú ọ̀dà tó ṣì rọ̀. Ọ̀dà irú èyí kò bá omi ṣe. Níbi tí omi bá ti wọ inú rẹ̀, ohun tó ń mú un dì pọ̀ á sé, á di wóró wóró tí ojú kò lè rí, ìmọ́lẹ̀ á fọ́nká lórí wọn, a ó sì rí i ní funfun. Dúdú tó wà nísàlẹ̀ kò tí ì lọ sí ibì kankan.

Àwọn ihò róbótó ní orísun tiwọn. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ náà ń mí afẹ́fẹ́ kan náà. Bó ṣe ń fún un mọ́ra, omi inú rẹ̀ á yọ, á kó jọ sí ìsàlẹ̀ táǹkì. Táyà kì í kọ omi díẹ̀, nítorí náà fọkanáísà kì í yọ ọ́ lójoojúmọ́. A ṣí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ táǹkì náà: omi pupa onípáátá ló tú jáde, ó sì pẹ́ kó tó dá. Omi yẹn ni afẹ́fẹ́ gbé gba inú rọ́bà, tó tu ú sí abẹ́ ọkọ̀ ní ẹ̀kánẹ̀kán.

Ìwòsàn rẹ̀ kò le, sùúrù ló gbà. Pénítà kan náà ló ní ohun tí a nílò nínú àpótí rẹ̀: rìtádà, tínà tó lọ́ra, èyí tí wọ́n ń fi kún ti gidi lákòókò òjò kí ọ̀dà mọ́tò má baà funfun. Ó mọ̀ ọ́n lò fún ọkọ̀ ńlá. Kò rò ó mọ́ ọkọ̀ ike ni. A pò ó, rìtádà ìdá kan sí tínà ìdá mẹ́wàá, láìfi ọ̀dà kankan sí i. Àwọn tó bá fẹ́ ṣe irú èyí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ike wà nísàlẹ̀. Bí tínà bá pọ̀ jù, á gba inú ọ̀dà àti práímà kọjá, á dé ara ike, á sì rọ̀ ọ́. Torí náà orí ṣíbí ike la ti kọ́kọ́ dán an wò, ṣíbí tí a ti kun ní práímà àti dúdú. A dúró de ọ̀sán, nígbà tí oòrùn ti yọ díẹ̀. A fi gílóòbù mú ara ọkọ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, kò gbóná débi tí ike á fi tẹ̀. Ọwọ́ la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. A fi fílítà kékeré kan tó ń mú omi há rọ́bà kí afẹ́fẹ́ tó dé ìbọn. Lẹ́yìn náà ni Bàbá fọ́n àpòpọ̀ náà ní ìkùukùu lásán, ọwọ́ wọn jìnnà sí i, wọ́n kọjá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò.

Kò sí ohun tí mo lè fi wé ayọ̀ wọn. Bí ìkùukùu náà ṣe kàn án ni funfun náà ń rẹ̀ dànù, dúdú sì ń yọ láti ìdí apá lọ sí ṣóńṣó. Ọ̀dà ti rọ̀ padà, omi rí ọ̀nà jáde, rìtádà kò sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ tutù kíákíá mọ́. A dá a padà sínú páálí onígílóòbù. Ó tún yọ díẹ̀ ní ibi tí apá òsì ti bá ara pàdé, a sì tún un ṣe.

Àwọn ihò ẹ̀kán omi ni rìtádà kò lè wò. Àìsàn méjì ni wọ́n, oògùn wọn kò lè jẹ́ ọ̀kan. A fi sáńpépà olómi nọ́ńbà 1000 dán ibẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ihò fi parí, a sì tún dúdú fọ́n sí ibẹ̀ nìkan. Níbẹ̀ ni mo ti bá Bàbá jiyàn díẹ̀. Wọ́n fẹ́ dúdú tó dúdú jù lọ. Èmi ní dúdú pátápátá kò yẹ ohun kékeré. Ọkọ̀ gidi, bí a bá dúró jìnnà sí i débi tí yóò fi kéré tó báyìí lójú, afẹ́fẹ́ àárín á ti mú àwọ̀ rẹ̀ rọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, dúdú pátápátá máa ń pa gbogbo ìlà ojú ike mọ́, ilẹ̀kùn bọ́ǹbù kò ní hàn. Wọ́n ronú sí i, wọ́n ní kí n kán ọ̀dà eérú díẹ̀ sí i.

Ẹ́ńjìnnì la tún fi àyè sílẹ̀ fún. Lára Hercules, iwájú ni èéfín ti ń jáde nínú sílíńdà bọ́ sí inú òrùka irin tó yí ẹnu ẹ́ńjìnnì ká, kó tó gba inú sàlẹ́ńsà lọ sí ẹ̀yìn. Òrùka yẹn kì í jẹ́ dúdú bí ara ọkọ̀. Iná ti sun ún di bíráùn tó ń ta sí pupa. Ọ̀pọ̀ àwòṣe tí mo ti rí ló kun ún ní dúdú, ó sì máa ń dùn mí, torí òun ló ń fi Hercules hàn láti iwájú. Sàlẹ́ńsà náà ní ìbòrí tó ń pa ọwọ́ iná mọ́, kí ọkọ̀ ọ̀tá má baà rí i lóru. A fi ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì tí a lọ̀ kùnnà ṣe àmì èéfín sórí apá lẹ́yìn rẹ̀.

Kí a tó lẹ àwọn àmì, a fọ́n kílíà, ọ̀dà tí kò ní àwọ̀, èyí tó ń dán, sí gbogbo ara, torí àmì tí a fi omi lẹ̀ mọ́ ojú tó rí hákuhàku máa ń há afẹ́fẹ́ sábẹ́, á máa tàn bí fàdákà. MP ni lẹ́tà 76 Squadron, pupa tó ṣókùnkùn lórí dúdú. Orúkọ ọkọ̀ kò sí nínú ohun tó wà nínú àpótí. Bàbá ló fi ọwọ́ kọ ọ́ sí imú ọkọ̀ fúnra wọn, pẹ̀lú ọwọ́ tíṣà tó ti kọ lẹ́tà sórí àwòrán iṣẹ́ fún ìran mẹ́ta. Wọ́n fi ìdí ọwọ́ lélẹ̀ lórí ìwé tí a tò jọ kó má baà gbọ̀n. Lẹ́yìn náà la fi kílíà tí kì í dán bo gbogbo rẹ̀.

Ìwé pélébé tó wà níwájú àpótí dígí rẹ̀ fa ọ̀rọ̀. Ẹnì kan nínú àwọn tíṣà ilé ẹ̀kọ́ náà ní ó dára ká kọ nípa akọni nìkan, ká má mẹ́nu ba bọ́ǹbù. Bàbá kò gbà, èmi náà kò gbà. Ọkọ̀ yìí ju bọ́ǹbù sórí ìlú tí èèyàn ń gbé. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ náà sì kú lọ bí ẹní kú lójú ogun: nínú nǹkan bí 125,000 tó fò fún Bomber Command, ẹ̀ka RAF tó ń ju bọ́ǹbù, 55,573 ló kú. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti dàgbà tó láti gbọ́ méjèèjì. Méjèèjì ni wọ́n kọ sí i, lábẹ́ orúkọ Shenbanjo.

Ó dé ilé ìkàwé kí Ojúde Ọba tó pé. Ibì kan ṣoṣo ni funfun ṣì wà, ìlà tín-ínrín kan nínú kọ̀rọ̀ tí ẹ́ńjìnnì inú apá ọ̀tún ti bá apá pàdé. Ìkùukùu tínà kò lè dé ibẹ̀ láìpọ̀ jù sí ara ike tó yí i ká, ike sì ṣe pàtàkì ju ìlà yẹn lọ, nítorí náà a fi í sílẹ̀. A ti kó sẹ́ṣẹ́ agbomi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, sí abẹ́ pátákó àpótí dígí, a sì ní kí ẹni tó ń mójú tó ilé ìkàwé máa pààrọ̀ rẹ̀ bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá ti ra àpótí ike mìíràn. Dakota ni, ọkọ̀ tó ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun wa ní 81st Division, ìkọ̀ ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, nígbà tí wọ́n wà ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà. A ti fẹnu kò pé a ó máa kọ́ ọ nínú òjò, ṣùgbọ́n a kò ní ṣí ìdérí ọ̀dà kankan títí ọyẹ́ á fi dé.